Kóòṣì Tó Ta Àyà Jẹ́sì Wa

Fèrè kì í kúrò lọ́rùn kóòṣì wa ní Kábà, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń sọ pé, “Kò síbi tí kò ṣeé tà lára agbábọ́ọ̀lù.” Ló bá ta àyà jẹ́sì wa fún kápẹ́ńtà tó ń kan pósí. Wọ́n ya pósí sí i gbàgà. Kápẹ́ńtà ṣèlérí ẹ̀bùn fẹ́ni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tá a bá lọ bá Ìsánlú gbá. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé tèmi ni.

Kò sí ará Ìsánlú tó fẹ́ fara kan pósí. Wọ́n ń yà fún mi, mo gbá a wọlé. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán!

Kápẹ́ńtà sáré wọ pápá, ó yọ téèpù, ó ń wọn gíga mi.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?” mo bi kóòṣì.

“Ẹ̀bùn rẹ ni, àbúrò. Dúró ṣánṣán, kó má lọ kan án kéré.”