Obìnrin Orí Bẹ́ẹ̀dì Kejìlá

Mẹ́tàdínlógójì. Iye aboyún tó kú láàárín ọdún kan nílé ìwòsàn kan ní Ẹdẹ nìyẹn, nígbà ìjọba ológun. Wọn kò fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ọ. Mo kàwé dé yunifásítì. N kì í ṣe ẹni tí òjìji ń lé kiri. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú mi yìí ló rí i.

Wọ́n pè mí wá fi dátábéèsì, àkójọ orúkọ àwọn aláìsàn, sórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tó ń lo Linux àtijọ́, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti ń ra ìbọ̀wọ́ dókítà, tó tún ń gbé kẹrosíìnì wá láti ilé, òun ló ń wá kọ̀ǹpútà! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ẹ̀rọ náà jà. Ó ní fáìlì kan kò sí. Mo wá fáìlì ọ̀hún rí, ó ní tuntun lòun ń fẹ́. Mo kó tuntun dé, ó ní Linux òun ti gbó jù fún un.

Bàbá Káàdì, àgbà akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn, bojú wo inú yàrá.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé ẹ ti fún un lóúnjẹ àárọ̀ ṣá?"

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣiṣẹ́. Mo so àkọsílẹ̀ méjì pọ̀: orúkọ àwọn tó kú, àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kú sí. Bẹ́ẹ̀dì tí kò bá ní orúkọ, ẹ̀rọ kò ní gbà á wọlé. Mo tẹ orúkọ mẹ́rìndínlógójì tó wà nínú ìwé Bàbá Káàdì. Mo kó àwọn bẹ́ẹ̀dì láti inú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kọ̀: òkú kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejìlá, kò lórúkọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni o! Ojú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni kò kú.

Obìnrin kan dúró tì í, kò wọ bàtà, omi ń kán lára ìró rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé wọn ò kọ mí ni?"

Mo ṣẹ́jú. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi wà nílẹ̀.

Mo gbé ìwé Bàbá Káàdì lọ sójú fèrèsé. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ òkú níbẹ̀, kí ọ̀gá ilé ìwòsàn lè pinnu iye tí yóò dé etí àwọn ológun. Lábẹ́ orúkọ tó gbẹ̀yìn, rọ́bà ti pa ìlà kan rẹ́, ṣùgbọ́n ipa pẹ́ńsùlù ṣì hàn: Àṣàkẹ́, ará ìlú Ara, bẹ́ẹ̀dì kejìlá.

"Bàbá, èyí ńkọ́?"

Ó wẹ̀yìn. "Ẹ rọra. Ọjọ́ tí ẹ dé ló kú. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbé wá fún ẹ̀rọ yín."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá Àṣàkẹ́ ti jókòó sẹ́nu géètì, aṣọ ọmọ tuntun lórí itan. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò débẹ̀ rí.

Mo tẹ orúkọ náà. Ẹ̀rọ gbà á láìjanpata. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́. Mo kọ̀, wọ́n lé mi. Wọ́n yọ ọ́ fúnra wọn. Bàbá Káàdì sọ fún mi pé àràárọ̀ ni orúkọ náà ń padà sójú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí rọ́bà wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra. Ẹ fi tàdáwà kọ Àṣàkẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín rìn dé géètì, kí ẹ fi ibojì rẹ̀ han ìyá rẹ̀.