Ẹni Tó Ń Dúró Létí Odò Nínú Géèmù

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí a sin ọ̀rẹ́ mi ni mo rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì mú dáadáa ní Ijapo níbi tí mò ń gbé ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ ilé kejì sì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Orúkọ náà kì í ṣe èyí tí àlùfáà pè nígbà tó ń sàmì fún un. Ìnagijẹ tó ń jẹ́ nínú géèmù ni, òun nìkan ló sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí èmi àti òun wà ní yunifásítì, géèmù ọdẹ kan wà tí a fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ ó pàdé ní abúlé kan létí odò, ẹ ó múra, ẹ ó sì jọ wọ igbó lọ dọdẹ àwọn ẹranko abàmì. Ọ̀kan nínú yín lè wà ní Àkúrẹ́, kí ìyókù wà lókè òkun. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń pàdé. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà sọ pé ó ti gbó, wọ́n sì pa sẹ́fà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń so gbogbo wa pọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí o bá tan géèmù, ìwọ nìkan ni wàá máa rìn kiri abúlé.

Ọ̀rẹ́ mi ló ní ká ṣe sẹ́fà tiwa. Nígbà náà, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé kan ní Oǹdó, ilé ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé. Èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àkúrẹ́. Kò sí ìwé tó kọ́ wa. A kàn yí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ kó máa wá kọ̀ǹpútà mi dípò ti ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ náà á kan ilẹ̀kùn, á béèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí èsì tí a fún un kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á pa ẹnu mọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ la fi ń wá èsì bẹ́ẹ̀ kiri, òun lórí fóònù ní Oǹdó, èmi ní Àkúrẹ́.

"Ó tún ti dákẹ́ o," ló máa ń sọ. "Kí lo sọ fún un?"

Ọ̀rẹ́ mi kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ibà tí a rò pé ibà lásán ni ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹrin ni ìyá rẹ̀ pè mí. Mo lọ sìnkú, mo da iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo sì ṣèlérí fún Màmá pé màá máa wá wò wọ́n. N kò lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tó yá, pípẹ́ tí mo ti pẹ́ ló wá ń tì mí lójú.

Mo fi iṣẹ́ náà pa ìrònú rẹ́ títí mo fi parí rẹ̀. Mo kéde láàárín àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ pé abúlé ti ṣí, kí ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀rọ rẹ̀ máa bọ̀. Wọ́n wá. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìgbàrà-Òkè ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì di olùgbàlejò wa níbẹ̀, òun ló ń kí gbogbo ẹni tó bá dé. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà náà ni orúkọ yẹn yọ.

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dúró díẹ̀ ní àárín abúlé, ó wá ń rìn lọ sí apá òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, títí ó fi dé etí odò. Ó dúró síbẹ̀, ó kọjú sí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Nígbà tí aago márùn-ún lù, ó pòórá.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin, ó tún dé. Ọjọ́ kẹta, bákan náà.

Ẹ̀rọ géèmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yí padà, mo sì mọ ti ọ̀rẹ́ mi sórí. Mo wo àkọsílẹ̀ sẹ́fà. Òun ni. Mo sọ fún ara mi pé bóyá olè ló jí ẹ̀rọ náà tà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra géèmù, tí yóò wá máa dúró létí odò fún odidi wákàtí kan? Ìpè kan péré sí Oǹdó ì bá ti yanjú rẹ̀. N kò lè pe ìpè náà.

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹni yìí? Mo kí i, kò dáhùn. Mo dúró níwájú rẹ̀, ó kàn ń rìn lù mí bí ẹni tí kò rí mi. Ẹ̀rù ń bà mí o."

Mo parọ́ fún un pé àṣìṣe kékeré kan ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ ìlà kan ṣoṣo sínú sẹ́fà: bí nọ́ńbà yìí bá kan ilẹ̀kùn, má ṣí i.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni. Wọn ò kí mi rárá.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "wọn ò jẹ́ kó wọlé."

"Ta ni, mà?" mo bi wọ́n.

"Ọ̀rẹ́ rẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé wọn ò gbà á láàyè. Kí ló ṣe fún wọn?"

Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, díẹ̀ ló kù kí n ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀ kí n padà sílé. Màmá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi èdè Oǹdó kí mi, nígbà tí wọ́n rí i pé ojú mi ń ṣe bákan, wọ́n yí i sí Yorùbá inú ìwé. Wọn ò bi mí pé ibo ni mo ti wà.

"O rù," ni wọ́n kàn sọ.

Yàrá ọ̀rẹ́ mi wà bó ṣe wà: bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́, bàtà iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ géèmù, àga kan. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà kò tíì kú, nítorí ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun ló ń sanwó rẹ̀ kó lè máa rí ojú wọn.

"Aago mẹ́rin ló máa ń ti ilé ìwé dé," Màmá ní. "Á tan nǹkan yìí kó tó bọ́ bàtà. Orin rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wọlé. Ilé wá dákẹ́ jù. Mo ní kí n máa tàn án, kí n kàn máa gbọ́ orin náà."

"Ẹ̀yin lẹ ń mú un rìn lọ sí odò, mà?"

"Èmi kẹ̀? N ò mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló ń lọ fúnra rẹ̀."

Mo fi fóònù mi yọ ìlà tí mo kọ náà kúrò, n kò sì jẹ́wọ́ pé èmi ni. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Màmá tan ẹ̀rọ náà. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan léraléra títí abúlé fi yọ, wọ́n gbé páàdì tí a fi ń darí géèmù kalẹ̀ sórí àpótí, wọ́n káwọ́ lé itan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí òsì.

Mo gbé páàdì náà wò. Igi kékeré tí a fi ń darí ọdẹ ti jẹ, ó dá kòtò, ó ti tẹ̀ sí òsì, kò lè padà sí àárín mọ́. Bí àtàǹpàkò ọ̀rẹ́ mi ṣe tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ki àtàǹpàkò tiwọn sínú kòtò náà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"A jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì ń tì í," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi bọ́tìnnì kan hàn mí. "Èyí nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á juwọ́ sí mi."

Mo sọ fún wọn pé àwọn tó dúró káàkiri abúlé náà, èèyàn gidi ni wọ́n, pé wọ́n ń rí i.

"Ẹ̀rù ò bà wọ́n?"

"Ó bà wọ́n, mà."

"Sọ fún wọn pé ọmọ èèyàn ni," Màmá ní.

Mo sọ fún wọn. Láti ìgbà náà, bí nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ wọ igbó, wọ́n á kọ́kọ́ yà sí etí odò, wọ́n á juwọ́ sí i.

Nígbà tí òjò ọdún náà le, àrá kan sán, ẹ̀rọ géèmù ọ̀rẹ́ mi sì jó ní Oǹdó. Mo gbìyànjú, kò ṣe é tún ṣe. Mo wá ronú pé mo lè kọ ètò kan sínú sẹ́fà tí yóò máa gbé orúkọ náà wọlé ní aago mẹ́rin, tí yóò máa mú un rìn sí òsì. Mo kọ ọ́. Mo dán an wò. Ó rìn bó ṣe máa ń rìn gẹ́lẹ́, ó dé etí odò, ó juwọ́. N kò lè wò ó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo pe Màmá, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, àti ti ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ ọn.



"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?" wọ́n bi mí.

"Ó bà mí gan-an, mà."

"Èmi náà, ojoojúmọ́ ló ń bà mí kí n tó tàn án," Màmá ní. "Ṣùgbọ́n mo máa ń tàn án."