Ẹkùn Tó Yọ́ Sóòrùn

Ọmọ ọmọ mi ń nu èèkù idà ilẹ̀ Japan kan ní kíṣìnnì wa ní Goresbrook nílùú òyìnbó níbí, lámilámi idẹ wà lára rẹ̀. Òórùn idẹ yẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, alágbẹ̀dẹ idẹ.

Bàbá ti fi ìda oyin mọ ẹkùn fún èèkù idà olóyè wa, torí ọmọ ẹkùn ni wọ́n ń kì í. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ fi amọ̀ bò ó, kó sì da idẹ sí i. Èmi tí mo ṣì kéré wá gbé e sóòrùn, kó lè gbẹ bí amọ̀. Ló bá yọ́.

“Imú rẹ̀ dà?” Bàbá bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ṣebí iwájú yín ló wà!”

Ìyá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn ikú Bàbá pé kò ríran mọ́ nígbà yẹn.

Kò nà mí lọ́jọ́ náà. Ó ṣáà ń fọwọ́ wá imú ẹkùn náà kiri, ìda ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó.