Iná Tó Wọ Ojú Egya Amissah

Fọ́tò ìyá rẹ̀ ló gbé Araba dé ilé fọ́tò bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Egya Essuman ní Sekondi. Ìyá ti kú lákòókò òjò, wọ́n ti sin ín, àwọn ẹbí sì ti padà sídìí ẹja tí wọ́n ń yan létí òkun. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù nílé, ọ̀rinrin ti jẹ ibi ojú rẹ̀. Araba wá bèèrè bóyá a lè rí òmíràn tẹ̀ lára ti àtijọ́. Egya Essuman kì í ṣe ẹni tí í yára sọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó tú inú àpótí, ó mú gíláàsì kékeré kan tí wọ́n fi ya fọ́tò náà jáde, ó sì gbé e sókè níwájú fèrèsé.

Araba sún mọ́ fèrèsé. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú gíláàsì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ funfun bí òwú, eyín rẹ̀ dúdú bí èédú, aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà sì ti di aṣọ ọ̀fọ̀.

"Egya, ṣé bí wọ́n ṣe rí lọ́hùn-ún nìyẹn?"

"Rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí wọn nìyẹn. Máa bọ̀."

Wọ́n wọ yàrá òkùnkùn, níbi tí gílóòbù pupa kan ti ń ràn bàìbàì. Bàbá náà gbé gíláàsì náà lé pépà òfìfo, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá díẹ̀, ó sì ki pépà náà bọ omi oògùn tó wà nínú àwo, ó ń mi àwo náà jẹ́jẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìpéǹpéjú kan yọ, lẹ́yìn náà ẹnu, lẹ́yìn náà gèlè, ìyá Araba sì ń bọ̀ láti inú omi, kò kánjú, bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wálé. Araba di etí tábìlì mú. Nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn, kò lọ sílé. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà.

Egya Essuman wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Araba ti ń rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

"Ẹja lẹ ń yan nílé yín," ni bàbá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Egya. Iná la fi ń yan án. Ẹ̀yin náà, iná lẹ fi ń ṣe tiyín."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa bàbá náà lẹ́rìn-ín, ó sì gbà á.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó gbé àgbọn tí wọ́n ti bó lé orí àpótí, ó fún un ní iná kan, gílóòbù ńlá tí wọ́n ki bọ inú agolo tí wọ́n sì so mọ́ òpó irin, ó ní kó yọ ojú àgbọn náà jáde.

"Egya, àgbọn kò lójú."

"Ó ní mẹ́ta. Ẹ̀dá èèyàn ló ní méjì. Bí o bá mọ ti àgbọn, ti èèyàn á rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Araba bá àgbọn yí i. Ó gbé iná sísàlẹ̀, àgbọn di iwin. Ó gbé e sókè pátápátá, ojú àgbọn di ihò. Ó tan iná méjì lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ wá rí pẹrẹsẹ bí àwo tí wọ́n fi bu ọbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá gba fọ́tò a máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n àgbọn náà ń bọ̀ wá yàwòrán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sì rí i tí àgbọn náà yí bírí kúrò lára ògiri, tó wú, tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ní ẹ̀yìn tí a kò rí ṣùgbọ́n tí a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ bí ẹni pé kó gbé e. Dọkono, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, àti ẹja díndín tó rà fún oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì tú u.

Lẹ́yìn àgbọn ló kan pẹ́ńsùlù. Tábìlì kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó ní dígí nísàlẹ̀, dígí yẹn ló ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè gba inú fíìmù, tó ti rọ́pò gíláàsì àtijọ́, kọjá. Egya Essuman gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù títí tó fi gùn tó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ó kọ́ Araba pé ohun tó bá ṣókùnkùn lójú èèyàn, mímọ́ gaara ló ń wà lórí fíìmù. Bí a bá fi pẹ́ńsùlù tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ ẹlòmíràn, á mọ́lẹ̀ lórí pépà. Báyìí la ṣe ń pa ojú àpá rẹ́, tí a ń tu iwájú orí tó hunjọ nínú. Àwọn tí wọ́n sì ṣẹ́jú nígbà tí kámẹ́rà ń dún, Egya Essuman a máa fi pẹ́ńsùlù la ojú wọn, a fi àmì dúdú tíńtín kan sínú ẹyinjú, àmì dúdú náà a sì di ìtànṣán iná funfun nígbà tí fọ́tò bá jáde. Níbẹ̀ ni ẹni inú fọ́tò ti ń dà bí ẹni tó ń mí.

"Ojú ni ìparí iṣẹ́," ló sọ fún un. "Má fi pẹ́ńsùlù kan ojú ẹnikẹ́ni títí n óò fi ní kí o kàn án."

Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsìnkú gbé Egya Essuman lọ sí Elmina. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Araba lọ́wọ́, ó ní kó máa dá àwọn èèyàn padà, àfi ẹni tí kò bá lè dúró.

Ẹni tí kò lè dúró sì dé. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ni, láti Essikado. Obìnrin náà, Maame Ekuwa, ló fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Gbogbo etíkun ló mọ ọkọ náà, Egya Amissah, tí í tún àwọ̀n àwọn apẹja ṣe, tó sì máa ń dá ebibindwom, orin ìyìn àwọn Fante, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí gbogbo ìjọ á gbè é. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ìkùukùu funfun ti bo inú ẹyinjú rẹ̀ láti kékeré. Efua ọmọ wọn bímọ sí Abidjan, ó ní kí wọ́n fi fọ́tò bàbá àgbà ránṣẹ́, ẹni tó máa mú un lọ sì ń wọkọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Bàbá onífọ́tò kò sí nílé," ni Araba wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Maame."

"Ìwọ kò ríran ni?"

"Mo ríran, Maame."

"Ó tó. Ẹni kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ríran nínú ìwọ àti òun."

Egya Amissah rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n mú òun dé ibi àga.

Araba gbé iná kalẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún àgbọn. Ó wòye pé ó dára. Ó padà sídìí kámẹ́rà, ó ní, "Egya, ẹ yíjú sápá òsì díẹ̀." Bàbá náà yíjú, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ti wá ló yíjú sí. Araba tún iná gbé. Ó tún sọ̀rọ̀, bàbá tún bá ohùn rẹ̀ lọ. Ìgbàkúùgbà tó bá la ẹnu, ojú bàbá á tẹ̀ lé e kiri yàrá bí òdòdó tó ń bá oòrùn lọ, òjìji imú rẹ̀ á sì bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

"Ọmọ mi," ni Egya Amissah wí, "dákẹ́ ná. Iná dà? Etí ni o ń yan fún mi."

Araba kò gbọ́ ọ yé.

"Etí mi ló gbóná. Ṣé etí mi ni Efua fẹ́ rí?"

Araba ti òpó irin náà síwájú.

"Ó ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbé e sókè díẹ̀. Háà, ó ti kan iwájú orí. Nísinsìnyí imú mi ń ṣíji bo apá kejì, ibẹ̀ tutù. Ṣé bó o ṣe ń wá a nìyẹn?"

Araba sún mọ́ ọn. Ó ń wo òjìji imú tí bàbá náà ń sọ, ibi tó ní ó wà gan-an ló wà, ó rọra sùn sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ewé tó já bọ́ sórí omi. Gbogbo ohun tí Araba fi ojú wá lára àgbọn láti ọjọ́ yìí wá, bàbá náà ń fi awọ ara rẹ̀ rí i.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, Egya?"

"Etíkun ni mo jókòó sí látàárọ̀ ọjọ́ ayé mi. Oòrùn a máa gba ara mi kọjá lójoojúmọ́, láti etí kan dé èkejì. Ìwọ náà, bí wọ́n bá di ojú rẹ, wàá mọ̀ ọ́n." Ó da ojú kọ ìyàwó rẹ̀. "Ekuwa, kí ni kí n fi ojú mi ṣe báyìí? Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí i."

"Bàbá Efua, jókòó jẹ́jẹ́. O ti rẹwà tó."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́."

"O ò bèèrè."

Araba padà sídìí kámẹ́rà. Láti ìsàlẹ̀ ilé ni ìró òkun ti ń wọlé, ojú bàbá náà sì fara balẹ̀ sínú ìró yẹn, ó dẹ̀, ó jìn, bí ìgbà tó bá fẹ́ dá orin. Araba tẹ kámẹ́rà.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Maame Ekuwa fà á sẹ́yìn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "La ojú rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá rẹ ṣe é fún ọkọ àbúrò mi. Mi ò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi bẹ̀rù rẹ̀."

"Ekuwa," ni ọkọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà, "ojú mi ló fọ́, etí mi ò di." Ó yíjú sí Araba. "Ọmọ mi, ṣe é bó ṣe wí. Òun ló máa wò ó, kì í ṣe èmi."

Lọ́jọ́ kejì, Araba jókòó sídìí tábìlì fèrèsé. Fíìmù ti gbẹ. Ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, ó tún un gbẹ́. Ó rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nípa ojú, ó sì rántí ojú Maame Ekuwa, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wo ibi tí òun máa fi àmì náà sí. Ó gbé awò tí í sọ nǹkan di ńlá lé ojú fíìmù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Àmì náà ti wà níbẹ̀.

Nínú ojú méjèèjì, lókè díẹ̀, lápá ibi tí iná wà, àmì dúdú tíńtín kọ̀ọ̀kan wà, ó mú, ó dá ṣáká, kò sí pẹ́ńsùlù tó lè kọ irú rẹ̀. Araba rò pé ìdọ̀tí ni. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a, kò lọ. Ó mú fíìmù àwọn ẹlòmíràn wá, àwọn tí ojú wọn ríran dáadáa, ó tò wọ́n tì í. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Iná kò bèèrè lọ́wọ́ ojú kan bóyá ó ń ríran kó tó wọ̀ ọ́. Araba rọra gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, bí ẹni tó wọ ilé tí kò mọ̀ pé Ọlọ́run ni onílé. Inú òru biribiri láti ìgbà èwe ni bàbá yìí ń gbé, ìmọ́lẹ̀ kò sì fi ọjọ́ kan ṣaláì wá dúró lójú rẹ̀.

Kò fi pẹ́ńsùlù kan nǹkan kan lára fíìmù náà. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí wọ́n dé wá gbà á, Maame Ekuwa gbé fọ́tò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ lo la ojú rẹ̀ báyìí?"

"Rárá, Maame. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó ń wò mí," ni obìnrin náà wí. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú.

Egya Amissah na ọwọ́, wọ́n fi fọ́tò náà sí i. Ó fi àtàǹpàkò ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Nítorí èyí làwọn èèyàn ṣe ń wọ bàtà tuntun wá yàwòrán?"

Araba di ìka rẹ̀ mú, ó ń gbé e kiri orí pépà. "Ibi tó gbóná lára yín, ibẹ̀ ló funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rèé. Ibi tí imú yín ṣíji bò, tó tutù, òun ló dúdú níhìn-ín." Ó dé ibi ojú, ó dúró. "Iná tẹ́ ẹ ní kí n gbé sókè yẹn, Egya, ó wà níhìn-ín. Nínú ojú yín."

"Nínú rẹ̀ kẹ̀?"

"Nínú rẹ̀, méjèèjì."

Ìka bàbá náà kò kúrò níbẹ̀.

"Ó wọlé," ló wí nígbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kò sì sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tún bèèrè kí wọ́n tó lọ: bóyá oòrùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Araba ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́.

Nígbà tí Egya Essuman ti Elmina dé, Araba gbé fíìmù náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo bó ṣe jẹ́. Bàbá náà fi awò wo ojú yẹn títí. Ó bèèrè ẹni tó gbé iná. Araba ní Egya Amissah ni. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a wí, kò sì yìn ín. Ó dìde, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó di ojú rẹ̀, ó ní, "Tan iná. Máa gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí n mọ̀ bóyá èmi náà á mọ ibi tó bá dé."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló ní kí Araba máa fi pẹ́ńsùlù kan ojú. Araba gbà, ó ṣe é fún àwọn tó ṣẹ́jú. Nígbà tó ṣe, ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ sí Shama, lẹ́nu odò Pra. Egya Amissah ti di olóògbé nígbà náà. Efua fúnra rẹ̀ gbé ọmọ tí wọ́n fi fọ́tò bàbá àgbà ránṣẹ́ sí wá láti Abidjan, ọmọ náà ti ń sáré kiri, ó ń sọ Faransé ju Fante lọ. Araba gbé e jókòó, ó tan iná. Ọmọ náà di ojú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè sí ìgbóná náà, ó ń rẹ́rìn-ín, Araba sì jẹ́ kó gbádùn rẹ̀ tẹ́rùn kó tó lọ sídìí kámẹ́rà.