Orúkọ Tó Kù Nísàlẹ̀ Ewé

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà. Bí mi ò bá ti ẹnu bọ̀ ọ́, àpótí yẹn ì bá ṣì wà nínú yàrá Bàbá Kékeré dòní, kí ikán máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, olùkọ́ tó bá sì ti fẹ̀yìn tì kì í lè pa ẹnu mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ́fíìsì kan ládùúgbò Challenge ń kó ìwé àtijọ́ jọ nípa èbúté Jẹ́bà, mo sáré lọ sọ fún wọn pé a ní i nílé.

Ìwé bàbá bàbá mi ni. Àdúgbò Gàmbàrí nílùú wa níbí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ etí Odò Ọya ló ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ afárá síbẹ̀. Òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá gúnlẹ̀ àti ẹrù tó kó dání. Lẹ́tà kéú ló fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ni. Obì wà nínú rẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹṣin wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó dojú dé àti orúkọ àwọn tí omi gbé lọ náà wà níbẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni mágàjí agbo ilé wa, òun ló sì ń tọ́jú àpótí náà. Ó ní tákàdá kan ò ní jáde nílé tí òun ò bá kọ́kọ́ kà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà èmi ni mò ń di gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá mú fún un, tí mo sì ń kọ ohun tó bá kà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àìlà la máa ń jókòó tì í. Wọn ò di àwọn ewé náà pọ̀, kò sì sí nọ́ńbà lára wọn. Bàbá Kékeré ló fi ọgbọ́n ibẹ̀ hàn mí: nísàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, bàbá bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ewé tó kàn. Bí atẹ́gùn bá fọ́n wọn ká, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí wọn tò padà.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú mi lójú. Bàbá Kékeré gbé ewé kan súnmọ́ ojú, ó sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì kà á. Ó ní ó ti gbó. Nílé wa, tákàdá kéú tó bá gbó, a kì í jù ú sí ààtàn, torí orúkọ Ọlọ́run lè wà lára rẹ̀. Ṣe là ń sin ín. Mi ò bá a jiyàn, àmọ́ àwọn ewé ẹ̀gbẹ́ yẹn ń pọ̀ sí i. Èyí tí ikán ti jẹ dé àárín, ó á tiraka kà á. Èyí tó mọ́ ṣáká, ó á ní ó ti gbó. Mo rò pé ojú rẹ̀ ló ń tàn án jẹ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ da omi nù lẹ́yìn ilé, mo rí ihò kan lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ ni, ó sì jìn tó orúnkún mi. A ò tíì ka ìwé náà dé ìdajì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì lè sọ ohun tó bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí Bàbá Kékeré jáde lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun alásàrí, mo mú ewé tó wà lókè nínú àwọn tó yà sọ́tọ̀. Mo lọ ilé kéú ní kékeré, mo ṣì lè fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà. Mo pe àkọ́kọ́, mo pe ìkejì, mo pe ìkẹta, mo bá gbọ́ orúkọ ìyá bàbá mi lẹ́nu ara mi. Ohun tó kọ tẹ̀lé orúkọ náà ni pé: ọmọbìnrin, kò tíì bàlágà, ó ti òkè odò wá pẹ̀lú okùn lọ́rùn ọwọ́, èmi ni mo gbà á.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ọmọ ẹlẹ́ja gbígbẹ láti ilẹ̀ Tápà ni, pé bàbá rẹ̀ ló fà á fún ọkọ. Mo bá a láyé, ó pọ̀n mí. Mo rántí pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́rùn ọwọ́ mú, àwa ọmọdé pàápàá. Bí a bá fẹ́ fà á, aṣọ rẹ̀ là ń fà. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, kí Ọlọ́run foríjì wá.

Bàbá Kékeré bá ewé náà lọ́wọ́ mi, omi ṣì ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Kò bínú. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ìyá tiẹ̀, tí í ṣe ìyàwó kejì, ló sọ fún òun. Mo ní Ṣàríà ò sọ pé ọmọ tí ẹrú bá bí fún olówó rẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ ẹnu ayé ò lọ ilé kéú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni oyè mágàjí kàn bí mo bá kú," ó ní. "Àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi yọ ọ́ ò jìnnà, inú ilé yìí náà ni wọ́n wà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé e fún wọn ni?"

Àìmọye ọdún ni mo fi sọ fún ọmọ ilé ìwé pé ẹni tó bá fi ìtàn pamọ́, ọmọ ara rẹ̀ ló fi sókùnkùn. Lọ́jọ́ tí a ka ìwé náà tán, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi kó yẹ̀pẹ̀. A fi aṣọ funfun wé àwọn ewé náà, Bàbá Kékeré ṣe àdúà, mo da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, pé a kì í sin òkú kẹ́sẹ̀ ẹ̀ yọ síta. Kì í ṣe ìyá bàbá mi nìkan ló wà nínú àwọn ewé yẹn. Mi ò ka orúkọ àwọn yòókù, mi ò sì ní mọ̀ wọ́n mọ́ láéláé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé àpótí náà lọ sí Challenge. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi wé hìjáábù, ó sì gbọ́ kéú jù mí lọ. Mo ti rò pé á kàn fọwọ́ síwèé, kó sì jẹ́ kí n máa lọ. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìsàlẹ̀ èyí, ó ń wo òkè èyí tó kàn. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ewé. Òógùn bò mí pẹ̀lú bí fáànù ṣe ń fẹ́ tó.

"Màmá, ewé tó kàn ò sí níbí o," ó ní.

Ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ewé ọwọ́ rẹ̀, ó sì kà á sókè. Orúkọ ìyá bàbá mi ni. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Ó tún rí ibòmíì tí ewé ti já, àmọ́ èyí nìkan ni orúkọ èèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn máa lẹ orúkọ náà mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá dá a mọ̀ lè yà wá sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Tápà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ ẹ rí lágbo ilé wa, kò sì sí àgbà kan nílé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó ti pé oṣù méjì tí orúkọ náà ti wà níbẹ̀. Mo ti bá kẹ̀kẹ́ Màrúwá kọjá níwájú ọ́fíìsì náà, mi ò yíjú wò ó. Ojú ń tì mí. Ìyá tó pọ̀n mí, mo sẹ́ ẹ níwájú àlejò, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn.

Láàárọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun ń bọ̀ nílé mi. Ó ní òun lọ ra iṣu lọ́jà Ìpàtà, ọmọ agbo ilé wa kan sì bá òun níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi òun pé kí ni wọ́n ń pe ìyá bàbá wa gan-an. Mo ní kó máa bọ̀.