Ẹtu Tó Lóyún

Aago méje àárọ̀ Sátidé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni, lásìkò òjò àkọ́rọ̀, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ẹtu kan wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ káàbọ̀ o! Mo ti ra ẹja sílẹ̀, torí mi ò gbójú lé yín."

"Máa jẹ ẹja rẹ lọ," ni Bàbá Ọdẹ fèsì.

Bàbá mi, tó jẹ́ lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ó ṣe bísímílà.

"Mo ṣe é kí n tó yìnbọn, mo tún ṣe é kí n tó dúńbú rẹ̀. Ó ṣì ń mí nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tán lójú bàbá mi. Ẹran náà tọ́ láti jẹ.

Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹtu náà mú nígbà tí Bàbá Ọdẹ la ikùn rẹ̀. Ọmọ wà nínú rẹ̀, ó ti hu irun. Bàbá Ọdẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í yìnbọn fún ẹran tó lóyún. Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣe é kò ní tọ́ ọ wò.

Ó wò mí. "Kí a tó là á, ṣé ikùn rẹ̀ yọ?"

Ó wù mí kí n ní kò yọ. Ṣùgbọ́n ó yọ.

"Ó yọ, sà. Mo rò pé ẹ ti rí i."

"Mi ò rí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá mi wí, "ẹ̀sìn ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ò rí oyún, tó bá ṣe pé èèyàn ló wà nínú igbó yẹn ńkọ́?"



Ní yunifásítì, mo kọ́ pé àwọn ìlú kan máa ń fi òfin dá ọdẹ dúró lásìkò tí ẹran ń bímọ. Mo máa ń rò pé ohun kan náà ni irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn wa àti èèwọ̀ ọdẹ ń béèrè. Kò dá mi lójú mọ́. Bí ẹran ṣe kú ni bàbá mi béèrè; ẹni tó yìnbọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò.

Bàbá Ọdẹ sin ọmọ ẹtu náà sẹ́yìn ilé. A pín ẹran fún àwọn ará ilé, òun fi ẹja jẹun. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ fún bàbá mi pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Kò sọ pé òun ti fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀, n kò sì bi í. Láàárọ̀ òní, ìbọn náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi, aṣọ ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀.