Onífọ́ọ̀mù, Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀, àti Akọ̀wé Tí Kì Í Sùn

Onífọ́ọ̀mù, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ àdúgbò lára débi pé àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé ilé Onífọ́ọ̀mù nìyí?" Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ó máa ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, èyí tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù: ojú ewé tí èèyàn máa kọ orúkọ rẹ̀ sí, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ohun tó ń wá, kí ó tó tẹ bọ́tìnnì kan pé kí ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n tó sin yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Aṣọ rírán ló fi rán an lọ sílé ìwé. Nígbà tí ọkọ tirẹ̀ náà kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ó kó wá sí yàrá ẹ̀yìn nílé àbúrò rẹ̀. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀. Bó bá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, á jókòó lórí àpótí kan kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàárẹ̀ rárá. Bí àbúrò rẹ̀ bá ní, "Àǹtí, ẹ rọra," á ní, "Ta ló ń lé mi tí n kò ní rọra?"

Lára àwọn tí Onífọ́ọ̀mù ń bá ṣiṣẹ́ ni ẹgbẹ́ aláàánú kan tó máa ń yá àwọn aláìsàn ní ohun èlò tí wọ́n lè lò nílé: bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́ arọ, àti ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn fa atẹ́gùn mímí. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Kẹ̀kẹ́ arọ kún ọ̀nà àbáwọlé débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi rìn kọjá. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, ló ń darí ibẹ̀. Nígbà tí obìnrin tó ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sínú fọ́ọ̀mù fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìsí ẹni tó ń dáhùn. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí Onífọ́ọ̀mù wá nǹkan ṣe sí i.

Ohun tó ṣe ni pé ó so fọ́ọ̀mù náà mọ́ ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá, irú èyí tó lè ka ọ̀rọ̀ kí ó sì dá èèyàn lóhùn. Bí ẹnì kan bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kọjá tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ á kà á, á kí onítọ̀hún, á béèrè ohun tó bá ṣẹ́kù, á sì gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù sí iwájú kí Màmá Nọ́ọ̀sì lè tètè rí i. Akọ̀wé ni wọ́n sọ ọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì ní òun kò tíì rí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ rí, tí kì í sùn, tí kì í jẹun, tí kì í sì í gbààyè lọ sin ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan.

Wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò ná. Onífọ́ọ̀mù ń kọ fọ́ọ̀mù lórúkọ oríṣiríṣi aláìsàn tí kò sí níbì kankan, ó sì ń fi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé òun ni bàbá arúgbó tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Akọ̀wé gbà á gbọ́, Màmá Nọ́ọ̀sì gba Akọ̀wé gbọ́, awakọ̀ wọn sì gbé bẹ́ẹ̀dì wá sílé. Àǹtí ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, Mà. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá tí kò lè dìde."

"Kò sí bàbá níbí o. Àbúrò mi nìkan ni kì í fẹ́ dìde tí ilẹ̀ bá mọ́. Tí bẹ́ẹ̀dì yẹn bá lè da èèyàn nù sílẹ̀, ẹ gbé e wọlé."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, Onífọ́ọ̀mù kọ òfin kan fún Akọ̀wé: ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ní nọ́ńbà òun nínú, ìdánwò ni, kí ó má dáhùn, kí ó má fi han ẹnikẹ́ni, kí ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òfin náà bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ì bá kọ irú rẹ̀.

Nígbà tó yá, mímí Àǹtí wá ń nira sí i. Dókítà ní yóò dára kí ó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn nílé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń wá bàtà rẹ̀ kan kiri pálọ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn tí ò ń bá ṣiṣẹ́ ló wà?"

"Ọ̀dọ̀ wọn ni, Àǹtí. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́. Àbí ẹ fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé ni?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ fèrèsé? Màá kọ ọ́. Bàtà rẹ nìyẹn lábẹ́ àga, ìwọ tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú kọ̀ǹpútà."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀: Màmá Nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ohunkóhun jáde láìsí fọ́ọ̀mù, inú Onífọ́ọ̀mù sì dùn pé kò ní ṣojúsàájú. Àǹtí jókòó ti kọ̀ǹpútà pálọ̀, ó ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà fóònù, ti àbúrò rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, níbi gbogbo tí wọ́n bá ti béèrè, ti àbúrò rẹ̀ ló ń fún wọn, nítorí etí rẹ̀ kì í gbọ́ nígbà tí fóònù tirẹ̀ bá ń dún. Ó máa ń sọ pé, "Nọ́ńbà àbúrò mi ni nọ́ńbà mi."

"Ṣé ẹ ti kọ ọ́?" ni àbúrò bi í lọ́jọ́ kejì.

"Mo ti kọ ọ́."

"Ó parí nìyẹn. Akọ̀wé wa kì í fi nǹkan falẹ̀."

Àǹtí dúró de èsì. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbà pé àwọn tí àìsàn wọn le ju tòun lọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún. Onífọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ gbà pé Àǹtí àti Akọ̀wé ti jọ sọ̀rọ̀, pé ẹ̀rọ tí aláìsàn mìíràn máa dá padà ni wọ́n ń retí. Iṣẹ́ mìíràn ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì lásìkò náà. Bó bá sì wà nílé, Àǹtí máa ń gbé ohùn rẹ̀ ró kí ó má baà mọ bó ṣe ń rí lára òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó Onífọ́ọ̀mù gbé tíì wọ yàrá ẹ̀yìn, ó bá Àǹtí tó ń jà fún èémí. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọmọbìnrin Àǹtí, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, kò lè wá síbi ìsìnkú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, dókítà sì ní kó má tíì rìnrìn àjò. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ló pe Onífọ́ọ̀mù.

"Àńkù, Mọ́mì sọ fún mi pé àwọn kọ fọ́ọ̀mù nítorí ẹ̀rọ kan. Kí ni wọ́n fi dá wọn lóhùn?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Màá wádìí."

Ní ọjọ́ Ajé, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì Màmá Nọ́ọ̀sì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bi Akọ̀wé bóyá ẹni náà kọ̀wé wá rí.

Akọ̀wé dáhùn pé: "Bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ńbà yín ló wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí náà mo kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìdáhùn, bí òfin yín ṣe wí. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín nígbà tí ẹ ń kọ òfin náà pé ẹlòmíràn nínú ilé yín lè lo nọ́ńbà yẹn. Mi ò sọ ọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé kí n gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde?"

Ó ní kí ó gbé e jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn ṣe mí lóore. Mímí ń nira fún mi. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ, mo fẹ́ yá a. Bí ẹlòmíràn bá wà tí tirẹ̀ le ju tèmi lọ, ẹ kọ́kọ́ fún un. Mo lè dúró."

Onífọ́ọ̀mù wá ẹni tó máa bínú sí nínú yàrá yẹn, kò rí. Màmá Nọ́ọ̀sì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ti kà á tán.

"Ṣé ẹ̀rọ wà nígbà yẹn, Mà?"

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Méjì ló wà."

Màmá Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn. "Gbọ́, ọmọ mi. Má sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná, ọmọ jòjòló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ pé ẹ̀rọ tán."

"Bí mo bá sọ pé ẹ̀rọ tán, Mà, á gbà mí gbọ́."

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn."

Ó pa òfin náà rẹ́ kó tó dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbàtà, ó sì pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àńkù, ṣé ẹ ti wádìí?"

"Mo ti wádìí."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ̀rọ tán. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Kò wúwo rárá.

"Ẹ̀rọ wà," ló sọ. "Ọ̀rọ̀ Àǹtí ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni mo dí ọ̀nà rẹ̀. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni. Bí o bá dé, màá fi hàn ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lọ́hùn-ún, ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tù ú nínú.

"Kí ni Mọ́mì kọ?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ le jù."

"Mọ́mì ní kí n má yọ yín lẹ́nu lórí ẹ̀rọ yẹn," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ máa ṣe é." Ó sì pa fóònù.

Dókítà ti wá yọ̀ǹda fún un láti rìnrìn àjò báyìí. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Onífọ́ọ̀mù láìkí i pé ọkọ̀ tó ń gbé òun àti ọmọ bọ̀ máa wọlé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sọ pé kí ó wá pàdé òun, kò sì sọ pé kí ó má wá. Onífọ́ọ̀mù ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò ní ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán ọjọ́ náà.